Ẹ Má Torí Fọ́tò Ba Ilé Ẹyẹ Jẹ́

  

Lẹ́tà kan ló fa ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ìyá kan ní ìhà Ìkòròdú ló kọ ọ́ sí wa. Ó ní ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kó owó tí òun rò pé yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ó fi ra kámẹ́rà àlòkù kan àti lẹ́ǹsì gígùn kan. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, etí ọ̀sà ló ń lọ. Bí ó bá padà dé lọ́sàn-án, ẹrẹ̀ á ti bò ó dé orúnkún, fọ́tò ẹyẹ nìkan ni yóò sì mú bọ̀. Ìyá náà wá bi wá pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé iṣẹ́ nìyí àbí eré? Ṣé kí n gba kámẹ́rà náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

A ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì. A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. Ìdí ni pé àwa tọkọtaya tí a ń kọ ojú ìwé yìí ti gbé kámẹ́rà wọ àbàtà rí, a sì ti ṣàṣìṣe ńlá níbẹ̀. Nítorí náà, a ó dá Màmá lóhùn, ṣùgbọ́n ọmọ gan-an ni a fẹ́ kí ó ka èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wa.

Kí ni ẹyẹ ń wá nínú àbàtà?

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Èkó àti agbègbè rẹ̀ ka àbàtà sí ilẹ̀ tí kò wúlò. Lójú wa, ibùgbé ẹ̀fọn ni, ààtàn ni, ibi tí ó yẹ kí a fi yanrìn dí kí a lè kọ́lé sí i ni. Ṣùgbọ́n níbi tí omi odò bá ti ń pàdé omi iyọ̀, oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ti ń dàgbà kí ó tó jáde lọ sí odò àti òkun. Ibẹ̀ ni edé àti akàn ń gbé. Ilẹ̀ náà a sì máa fa omi òjò mu bí kànrìnkàn, kí omi má baà ya wọlé wa. Ẹ wo àdúgbò tí wọ́n ti dí àbàtà rẹ̀ tán, kí ẹ sì wo ibi tí omi ń gbà nígbà òjò.

Níbi tí oúnjẹ bá wà, ẹyẹ yóò dé. Gbogbo wa la mọ lékeléke. Ta ni kò na èékánná sí i rí nígbà èwe pé kí ó fún òun ní funfun? Ẹyẹ apẹja kan tún wà, aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí í máa lu apá lójú kan lókè omi bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó rọ̀, títí yóò fi rí ẹja tí yóò já lé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlejò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí ẹyẹ kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ilẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ gùn tí ó sì tẹ̀ bí dòjé, tí ó ń fi ẹnu náà yọ akàn nínú ẹrẹ̀. Àwọn òyìnbó ń pè é ní whimbrel. Ìhà àríwá ayé ni wọ́n ti ń pamọ, wọn a sì wá lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ti so ẹ̀rọ kékeré mọ́ díẹ̀ nínú wọn lára, wọ́n sì rí i pé àwọn kan fò láti orílẹ̀-èdè Iceland dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún nǹkan bí ọjọ́ 5, tọ̀sán-tòru, láìbalẹ̀ rárá. Ọ̀rá ara wọn ni wọ́n ń jó lójú ọ̀nà bí mọ́tò ti ń jó epo. Wòlíì Jeremáyà ti mẹ́nu ba irú ọ̀rọ̀ báyìí tipẹ́, ní orí 8, ẹsẹ 7 ìwé rẹ̀, pé ẹyẹ mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹyẹ arìnrìn-àjò yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ohun tí a ṣe ní ìhà Ẹ̀pẹ́

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. A yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, a mú ọmọkùnrin wa dání, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, a sì lọ sí etí ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Bàbá apẹja kan gbà láti fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Kò pẹ́ tí a dé ibi tí òṣíbàtà ti bo ojú omi, a rí ẹyẹ kan tí ó ń rìn lórí ewé náà bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, iwájú ọrùn rẹ̀ funfun, iwájú orí rẹ̀ sì jọ pé wọ́n fi aró kùn ún. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi rò pé ti ẹyẹ ńlá kan ni ó yá. Àwọn ìka gígùn yìí ló ń pín ìwúwo rẹ̀ ká orí ewé tí kì í fi í rì. Jacana ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹyẹ.

Bí ọkọ̀ wa ti sún mọ́ ọn, ó fò lọ. Ibi tí ó ti dìde ni a wò, ni a bá rí ẹyin 4 lórí koríko tútù. Àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n, ìlà dúdú sì wà lára wọn jágajàga, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi yíǹkì ṣeré. Inú wa dùn dé góńgó. Ṣùgbọ́n ewé méjì ṣíji bo àwọn ẹyin náà, wọn kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ibẹ̀ dáadáa. A gba àjẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, a fi ti àwọn ewé náà sẹ́yìn.

Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Onílé ò lè wọlé bí àlejò bá dí ẹnu ọ̀nà."

A ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i."

Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà di nǹkan bí ogójì. Oòrùn ti gòkè. Ẹyẹ náà ń ké lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń bọ̀, ó ń padà. Lójú wa nígbà náà, igbe rẹ̀ dùn létí. Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀ pé fọ́tò ti dára, a ní kí Bàbá máa wa ọkọ̀ lọ. A kò tíì jìnnà nígbà tí ọmọ wa kígbe. A bojú wẹ̀yìn, kannakánná méjì ti balẹ̀ sórí ewé náà. A pariwo, a ju àjẹ̀ sókè, a yí ọkọ̀ padà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, èèpo ẹyin la bá.

Bàbá kò bá wa wí. Nígbà tí a gúnlẹ̀, a san owó ọkọ̀, a sì fi nǹkan kún un. Ó ka iye tí a jọ ṣàdéhùn, ó dá èyí tí ó lé padà sí wa lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọ̀n rẹ̀.

Fọ́tò náà dára púpọ̀. A fẹ̀ ẹ́, a fi férémù sí i, a gbé e kọ́ sí pálọ̀. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ló ń yìn ín. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ wa dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó títí, ó wá bi wá pé, "Dádì, ṣé bàbá wọn padà wá?" Ohun tó ń sọ ni pé a ti ka ìwé nípa ẹyẹ náà fún un, a sì ti rí i níbẹ̀ pé láàárín jacana, akọ ni í sàba, òun náà ni í tọ́ ọmọ. Bàbá ni a lé kúrò lórí ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

A kò rí ohun tí a ó sọ. A sọ fọ́tò náà kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni a lọ ka Deutarónómì orí 22, ẹsẹ 6 àti 7, níbi tí Ọlọ́run ti fi ọ̀rọ̀ ìtẹ́ ẹyẹ sínú òfin, pé ẹni tí ó bá rí ìtẹ́ lójú ọ̀nà kò gbọdọ̀ kó ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ. A ti kà á rí, a rò pé àwọn tó ń wá ẹran jíjẹ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. A kò mọ̀ pé ó kan ẹni tó ń wá fọ́tò.

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ sùúrù

Iṣẹ́ fífi kámẹ́rà dẹ ẹyẹ kì í ṣe ti òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Richard àti Cherry Kearton. Ní ọdún 1892, wọ́n ya fọ́tò ìtẹ́ ẹyẹ tí ẹyin wà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà ìgbà náà wúwo, kò sì lè mú ohun tó jìnnà. Kí ẹyẹ má baà sá fún wọn, wọ́n ṣe awọ màlúù bí odindi màlúù, wọ́n sì ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tí ẹ mọ ohun tí ń jẹ́ ibùba, ibùba nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá pa kò kúrò níbi tó wà.

Obìnrin kan náà wà, Emma Turner. Ó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi ní Hickling, ní àgbègbè Norfolk, àbàtà tí kò jìnnà sí òkun. Ní ìgbà náà, ẹyẹ kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní bittern, ìbátan lékeléke ni, aláwọ̀ ilẹ̀, inú koríko gíga etí omi ló máa ń sápamọ́ sí. Wọ́n ti fa omi àbàtà gbẹ, wọ́n sì ti yìnbọn pa á, títí kò fi pamọ mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1911, Emma Turner ya fọ́tò ọmọ bittern ní Norfolk. Fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí pé ẹyẹ náà ti padà wá pamọ. Ẹ rí i pé fọ́tò ẹyẹ kì í ṣe eré lásán. Ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kò nílò láti rìn jìnnà. Ní ìlà-oòrùn ìlú náà, létí odò Thames, àbàtà Rainham wà níbẹ̀. Àwọn ológun ló ń fi ibẹ̀ kọ́ ìbọn yíyìn tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ RSPB tó ń dáàbò bo ẹyẹ rà á ní ọdún 2000, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2006. Wọ́n kọ́ ilé onígi sí i tí ẹ lè jókòó sí pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ máa wo ẹyẹ láti ojú fèrèsé láìjẹ́ pé ẹyẹ rí yín. Àwọn alápàáńdẹ̀dẹ̀ tó ń jẹ kòkòrò lókè ibẹ̀ nígbà ooru, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń bọ̀ nígbà òtútù.

Ìmọ̀ràn wa fún ọmọ Màmá

Wàyí o, ọmọ wa, a fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ bí òbí.

Èkínní, tètè jí. Ìmọ́lẹ̀ ààárọ̀ tutù, kì í jó àwọ̀ dànù bíi ti ọ̀sán gangan. Jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ. Wádìí ìgbà tí omi ń fà, nítorí bí omi bá fà tí ẹrẹ̀ bá hàn, ẹyẹ yóò wá jẹun níbẹ̀.

Èkejì, jókòó sísàlẹ̀, má dúró gbagidi. Wọ aṣọ tí kò tàn. Dé ibẹ̀ kí ẹyẹ tó dé, kí ó wá bá ọ níbẹ̀, dípò kí o máa lé e kiri. Ẹyẹ tí kò bẹ̀rù yóò sún mọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ojú ẹyẹ ni kí o jẹ́ kí kámẹ́rà rẹ mú. Bí ẹyẹ bá ń fò, jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí kí ó sì pa dé láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí kí ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún lékeléke tó dúró níwájú ewé dúdú, dín ìmọ́lẹ̀ kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ funfun rẹ̀ yóò bo gbogbo ìyẹ́ mọ́lẹ̀, yóò sì dà bí bébà.

Ẹ̀kẹrin, kọ́ èdè ìbẹ̀rù. Bí ẹyẹ bá dá oúnjẹ dúró, tó na ọrùn sókè, tàbí tó ń ké ní àkéétúnké, ọ̀dọ̀ rẹ ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀. Sún sẹ́yìn. Má sáré lé àwọn tó ń jẹun nítorí pé o fẹ́ fọ́tò ìgbà tí wọ́n bá gbéra. Rántí ẹyẹ tó fò fún ọjọ́ 5 láìjẹun. Bí o bá lé e sókè nígbà mẹ́ta láàárọ̀ kan, ọ̀rá tí yóò gbé e padà sílé ni o ń jó yẹn.

Ẹ̀karùn-ún, bí o bá rí ìtẹ́, kúrò níbẹ̀. Má ti ewé, má gé ẹ̀ka, má dúró pé díẹ̀ ló kù. Oòrùn lè se ẹyin pa, kannakánná sì ń wo ibi tí ìwọ ń wò. Má sì sọ ibi tí ìtẹ́ wà lórí Facebook tàbí WhatsApp, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kà á ló fẹ́ràn ẹyẹ láàyè.

Ẹ̀kẹfà, tọ́jú ara rẹ. Má dá nìkan wọ ọkọ̀, wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí o sì sọ ibi tí o ń lọ fún ìyá rẹ. Bí o bá délé, fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu atẹ́gùn iyọ̀ kúrò lára kámẹ́rà, kí o sì kó àwọn àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun sí ibi tí o ń tọ́jú lẹ́ǹsì, kí èéhù má baà hù sí i.

Bí o bá fẹ́ ibi tí kò léwu láti fi kọ́ṣẹ́, lọ sí Lekki Conservation Centre. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè Shafi Edu dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ló ni ibẹ̀. Láti ọdún 1990 ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀, hẹ́kítà 78 ni wọ́n sì dá sí lára àbàtà àti igbó tí ilé ti yí ká báyìí. Afárá tó gba orí igi kọjá níbẹ̀ gùn tó mítà 401.

Ìdáhùn wa fún Màmá

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. A kò ní tàn yín. Owó kì í tètè wọlé nídìí fọ́tò ẹyẹ. Ẹ jẹ́ kí ó máa fi kámẹ́rà kan náà ya ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, kí ó fi jẹun, kí ó sì fi Sátidé sílẹ̀ fún ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ẹ má gba kámẹ́rà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè jókòó sínú ẹrẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, nítorí kí ó má baà dẹ́rù ba ẹ̀dá kékeré, ó ti ń kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ọkọ àti bàbá ṣì ń wá. Àbàtà tí ó ń yà lónìí sì lè di ilé lọ́la. Bí wọ́n bá bi wá pé kí ló ti wà níbẹ̀ rí, àwọn irú ọmọ yín ni yóò ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ohun kan la fẹ́ kí ẹ ṣe. Ní Sátidé kan, ẹ bá a lọ. Ẹ gbé àga kékeré, ẹ gbé ọsàn àti omi, ẹ jókòó tì í, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó fi ohun tó ń wò hàn yín.

Àwa náà padà lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. A wá Bàbá apẹja yẹn kàn, a bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ni a ní kó sọ ibi tí a ó dúró, ibẹ̀ sì jìnnà sí òṣíbàtà. A jókòó pẹ́. Oòrùn ti ń mú kí a tó rí jacana kan tó ń rìn bọ̀ lórí ewé, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ jọ pé ó wú, ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ ju méjì lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó há sí abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, tí ẹsẹ̀ wọn ń jò lọ jò bọ̀ nísàlẹ̀. Bàbá ń kó ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ewu.

Ọmọ wa ló di kámẹ́rà mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ibi tí a wà jìnnà, fọ́tò náà kò mọ́ dáadáa. Ẹni tí a kò bá ṣàlàyé fún lè má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òun ló wà ní pálọ̀ wa títí di òní.

Ẹ máa kọ̀wé sí wa o. Kí Olúwa tó ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run máa ṣọ́ ilé gbogbo wa. Ó dìgbà kan ná.